Ajá Tí Àlàájì Ń Dà Láàmú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà hù, Ajégúnlẹ̀ ni à ń gbé, nínú ilé gígùn kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo ń sá fún ajá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mo ti fẹ́ràn ajá rí. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ohun tí ojú mi sì rí lórí rẹ̀ tó mi.

Onílé wa ló ni ín. Àlàájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Apá Òkè-Ògùn ló ti wá, ó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì tó ń kó ẹrù ní èbúté Àpápá. Torí pé olè ti ja ilé náà rí ló ṣe ra ajá, ó sì sọ ọ́ ní Jáàkì. Àlàájì kì í fọwọ́ kan Jáàkì o, nítorí àlùwàlá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Lójoojúmọ́, bó bá ti kírun alásárì tán, yóò jókòó lórí tìmùtìmù aláwọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, yóò wá máa fi orí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ họ ẹ̀yìn Jáàkì, láti ọrùn títí dé ìdí ìrù. Jáàkì á dijú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan á máa ta nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àlàájì á ní, "Ó tó ẹ báyìí, ọ̀lẹ." Kò sì ní í dáwọ́ dúró.

Ọdún tí Àlàájì kú, Jáàkì ti darúgbó, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Àbúrò Àlàájì tí a ń pè ní Bàbá Kékeré ló gba ilé, ó ti yàrá iwájú pa, ó sì fi tìmùtìmù náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó láyà láti jókòó lé e. Jáàkì ló gun orí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ibùsùn.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Irun rẹ̀ ń re, ṣùgbọ́n ibi tó ti kọ́kọ́ re ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ̀yìn ni, lórí ìlà tóóró kan, láti ọrùn títí dé ìdí ìrù, kò fẹ̀ ju orí ọ̀pá lọ. Lẹ́yìn náà ló tó wá ràn dé inú etí àti abẹ́ ikùn. Màmá mi ní kúrúnà ni. Ó bẹ àwọn mẹkáníìkì ní ibùdókọ̀ Kókónọ́ọ̀tì, wọ́n fún un ní ọ́ìlì dúdú tí ẹ́ńjìnnì ti lò gbó, nítorí ohun tí gbogbo ayé fi ń tọ́jú ajá nìyẹn nígbà náà. A fi pa á lára. Awọ ara rẹ̀ bó, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mo sunkún títí mo fi kọ oúnjẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, mo jókòó tì í. Kò sí iná, ẹ̀rọ mọ́sáláṣí kò sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó lè sọ fún ajá pé alásárì ti tó. Ṣàdédé ni Jáàkì dìde. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, ó ń jùrù. Lẹ́yìn náà ló tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, awọ ẹ̀yìn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, láti ọrùn lọ sí ìdí ìrù, ó tún padà sí ọrùn. Ó dijú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta nílẹ̀. Mi ò rí ẹnì kankan. Ẹ̀rù bà mí.

Obìnrin ará Wàrí tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé ti Àlàájì náà rí i. Ó pe màmá mi.

"Mama, you dey see wetin dis dog dey do? Who e dey greet?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ jàre. Ajá arúgbó ni." Ohun tí màmá mi wí nìyẹn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn wa kí alásárì tó tó.

Màmá mi ń fọṣọ fún ìdílé kan ní Àpápá nígbà náà. Ìyá ilé yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó sì bá wa bẹ dókítà tó ń tọ́jú àwọn ajá tiwọn. Dókítà ajá! A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. A gbé Jáàkì sínú bárò, a tì í gba ọjà Bándírì kọjá, gbogbo ọjà ń fi wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a débẹ̀, màmá mi dúró sábẹ́ igi níta nítorí àwọn ajá ńlá tó ń gbó, èmi nìkan ni mo wọlé pẹ̀lú Jáàkì, torí pé èmi nìkan ni Jáàkì ń gbà kí n di òun mú.

Dókítà náà yẹ̀ ẹ́ wò láti etí dé èékánná. Ó ń yára sọ̀rọ̀, bí ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣe.

"Kì í ṣe kúrúnà. Álájì ló ń dà á láàmú."

Mo bi í léèrè. "Àlàájì, sà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ti mú ajá àgbà báyìí, kì í lọ mọ́. Ẹ máa fi ọṣẹ yìí wẹ̀ ẹ́, kó lè rọ̀ ọ́ lára. Ẹ wá wo inú ilé yín dáadáa, ibẹ̀ ni ohun tó ń fà á wà. Ẹ gbé e kúrò."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé mi. Àlàájì kan ṣoṣo ni mo mọ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́ fún màmá mi lábẹ́ igi. "Dókítà ní Àlàájì ló ń dà á láàmú. Ó ní kò ní í lọ mọ́. Ó ní inú ilé wa ló wà." A ti bárò náà délé, màmá mi sì sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Obìnrin ará Wàrí pàtẹ́wọ́. "I talk am! Dat Baba never go anywhere!" Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé bí dókítà tó kàwé bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ni ó kù tí a ń bi ara wa.

Bàbá Kékeré pe màmá mi. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Marine Beach gbé Jáàkì sọdá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ sí òdì kejì, kí Àlàájì lè bá a lọ. Ajá arúgbó, tí ara rẹ̀ bó, tí kò lè sáré, kí ni yóò jẹ lọ́hùn-ún? Mo mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń rán an lọ, mo sì mọ̀ pé ẹnu tèmi ló rán an.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí a ti jáde ilé-ìwé, mo dá ẹsẹ̀ mi rìn lọ sí Àpápá. Dókítà náà ń múra àtilọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò lóògùn tó lè lé Àlàájì lọ?"

"Àlàájì wo?"

"Onílé wa tó kú. Ẹ̀yin lẹ sọ pé òun ló ń dà á láàmú."

Ó wò mí títí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín dé ibi tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu omi ojú. "Álájì ni mo wí, ọmọ mi, allergy tí òyìnbó ń wí, mi ò ní Àlàájì o! Nǹkan kan wà tí ara rẹ̀ ò fẹ́ ni. Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ eruku. Orí kí ló ń sùn?"

"Orí tìmùtìmù Àlàájì."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ lọ sun ún."

Mo sáré délé, mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Bàbá Kékeré ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa eruku. Ibi tó ti gbọ́ tìmùtìmù ló dúró sí.

"Ẹ ò rí i? Dókítà fúnra ẹ̀ ní ká sun ìjókòó Àlàájì! Tí ò bá ti ríbi jókòó mọ́, á lọ."

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ, màmá mi sì rọra tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá sun ún, Jáàkì lè dúró. Mo panu mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí Bàbá Kékeré fi ọ̀bẹ la awọ rẹ̀, òwú inú rẹ̀ ti hu, ó dúdú, eruku tú jáde, gbogbo wa ń sín. Bí iná ṣe mú un, òórùn tùràrí tí Àlàájì máa ń sun ní yàrá rẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá Kékeré gan-an sún sẹ́yìn.

Èmi ò wo iná. Jáàkì ni mò ń wò. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, ó gbé ọrùn sókè bí ajá ṣe máa ń wo ojú ẹni tó dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó dúró níwájú yàrá obìnrin ará Wàrí, ibi tí Àlàájì máa ń dúró kí i láràárọ̀. Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jáàkì rìn dé géètì, ó ń jùrù, ó ń wo ojú títì. Ìrù náà ń rọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Ó padà wọlé, ó sùn sórí sìmẹ́ńtì lásán.

Ara rẹ̀ yá. Kò yá tán, torí àìsàn náà kì í lọ tán lóòótọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi ọṣẹ dókítà wẹ̀ ẹ́, tí mò ń fi àdín pa á lára, tí a yọ edé kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Irun hù, kódà lórí ìlà ẹ̀yìn yẹn. Ó lo ọdún méjì sí i kó tó kú ikú ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jímọ̀ náà, alásárì a dé, alásárì a lọ, kò dìde mọ́. Mo gbìyànjú láti fi igi họ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wò mí, ó gbé orí rẹ̀ kúrò.

Lónìí, àwọn ọmọ yín ń gbé ajá lọ sí Àpápá nínú mọ́tò, oògùn tiwọn ní orúkọ, kò sì sí ọmọdé tí yóò ṣi ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́ bí mo ṣe ṣì í gbọ́. Ìyẹn dára, mo sì dúpẹ́. Àwọn onílé náà ń kú, kí ogójì ọjọ́ tó pé wọ́n ti kun yàrá wọn lọ́dà, ayálégbé tuntun ti wọlé, kò sẹ́ni tó rántí wákàtí tí wọ́n máa ń jáde síta. Ilé wa yẹn gan-an ti wó, àwọn tírélà ló ń sùn níbẹ̀. Mo gba ẹ̀mí ajá náà là, bí wọ́n bá sì ní kí n tún un ṣe, n ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí di òní, torí pé nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló ṣì ń kí Àlàájì kú ìrọ̀lẹ́.