Bẹ́ńṣì Ìta Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ l'Ágége, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé. Bẹ́ńṣì kan wà níta lábẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ ìwàásù, pẹ̀lú òórùn bisikíìtì tó ń fẹ́ wá láti ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn wa. Gbogbo ojú ló ń rí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Wọ́n sì ń rí ẹni tí kì í jókòó síbẹ̀.

Èmi kì í jókòó síbẹ̀. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, nǹkan oṣù mi sì ti dáwọ́ dúró láti ọdún tó kọjá. Irùngbọ̀n ló ń yọ ní tèmi. Mo ń jí abẹ bàbá mi fá a ní balùwẹ̀. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo dígí.

Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn mi. Màmá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba l'Áláúsá tí orúkọ rere jẹ lógún ju oúnjẹ lọ, fà mí wọ yàrá.

"Ṣó o ti mọ ọkùnrin ni?"

"Rárá, mà."

Wọ́n gbà mí gbọ́, àmọ́ ẹnu ayé ni wọ́n ń bẹ̀rù. "Láti oṣù yìí lọ, wàá máa jókòó síta. Kí wọ́n rí ẹ."

Mo bá ń jókòó síta lóṣooṣù, tí ojú ń tì mí nítorí ohun tí mi ò ní. Ẹnu àwọn ìyá ìjọ wọhò.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wá dé lóòótọ́, kò lọ mọ́. Ọjọ́ ìsinmi ń gorí ọjọ́ ìsinmi, mo ṣì wà níta, àwọn ìyá kan náà ní mo ti lọ ṣẹ́yún. Òòyì gbé mi ṣubú lórí bẹ́ńṣì, wọ́n bá gbé mi lọ sílé ìwòsàn n'Íkẹjà.

Dókítà, obìnrin ni, béèrè bóyá nǹkan oṣù mi ń wá déédéé.

"Déédéé ni, Dókítà," Màmá mi dáhùn. "Gbogbo ìjọ wa ni ẹlẹ́rìí."

Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ ní onírọ́ níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, ẹ̀rù ikú sì bà mí.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, mà. Ó ti tó ọdún kan tí mi ò rí i, àfi èyí."

Màmá mi fi gèlè bojú. Dókítà fọwọ́ kan àgbọ̀n mi jẹ́jẹ́, ó ní ilé ẹyin mi àti họ́mónù, èròjà ara tó ń darí nǹkan oṣù, ni kò bára mu, pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, oògùn sì wà.

Màmá mi ṣí ojú. "Dókítà, ṣé á lè máa jókòó síta bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀?"

Ohun tí wọ́n ń béèrè ò yé Dókítà. Ó yé mi, ojú sì tì mí fún àwa méjèèjì.