Ọdún tí Màmá Mi Kọ́ Máṣìn

Òórùn bẹntiróòlù ló máa ń jí mi ní ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Yàrá tí èmi àti màmá mi ń sùn, lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ní Ọ̀mù-Àrán, kò tóbi, inú rẹ̀ náà la sì ń gbé máṣìn, ìyẹn alùpùpù, sí kí olè má baà jí i gbé. Bí ọyẹ́ bá mú, tí a ti gbogbo fèrèsé pa, òórùn epo yẹn á dà pọ̀ mọ́ ti ìsáàlì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ibi tí àwọn aláboyún ń bímọ sí. Kí n tó lajú láàárọ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ pé màmá mi ń ti máṣìn jáde, nítorí òórùn náà á kọ́kọ́ le sí i, lẹ́yìn náà á wá fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Màmá mi ni agbẹ̀bí àgbà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Ìsánlú-Ìsin, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń wá bá wa. Máṣìn náà kì í ṣe tiwa. Láti Ìlọrin ni àwọn ọ̀gá ìjọ wa ti fi í ránṣẹ́, kí agbẹ̀bí lè máa lọ wo àwọn aláboyún ní Rore, ní Èsìẹ́ àti ní àwọn abúlé tí mọ́tò kì í dé. Ó jẹ́ irú èyí tó ní àlàfo níwájú, tí obìnrin lè gùn láìká aṣọ sókè. Ọkùnrin tó gbé e wá sọ fún màmá mi pé òun á padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, máṣìn á dúró, àwọn náà á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé màmá mi lọ sí Ìlọrin, wọ́n á sì fi agbẹ̀bí tó mọ̀ ọ́n gùn rọ́pò wọn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mu omi, ó lọ.

Gígùn rẹ̀ kò ṣòro fún màmá mi. Wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, bí máṣìn bá sì ti ń sáré, kò síbi tí wọn ò lè gbé e gbà. Ìgbà tó bá fẹ́ dúró ni wàhálà. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó dúró, tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pàápàá lè yà á sílẹ̀, ló máa ń rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ewúrẹ́ tó fẹ́ dùbúlẹ̀, á sì wó.

Wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí lójú àwọn aláboyún. Wọ́n ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yí padà. Wọ́n ṣubú lọ́jọ́ ọjà, torí pé ibi tó dagẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ẹsẹ̀ wọn kò sì kanlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì iṣu ni wọ́n wó sí. Obìnrin tó ni iṣu bá wọn gbé máṣìn dìde, ó gbọn eruku ara aṣọ wọn nù, kò sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dìde, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Kò sí nǹkan. Máṣìn ló ṣubú, èmi kọ́."

Ara wọn kì í bó ju orúnkún tàbí ìgbúnwọ́ lọ. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù. Ní ilé ìwé, bí mo bá fẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹnì kan lára àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa á sọ pé, "Gbìì." Ìyẹn nìkan ni. Wọn kì í sọ nǹkan kan lé e.

Bàbá Ràímì ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ó ti ṣe ṣójà nígbà ogun Hítílà, orí máṣìn ló sì ti ń gbé lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ti rí ìṣubú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, ó wá sí ilé ìgbẹ̀bí, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, o mọ̀ ọ́n gùn. Dídúró ni o kò mọ̀."

Màmá mi ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Títì ni wọ́n ń ti máṣìn náà yí ìdí igi máńgòrò po, tí wọ́n á fi ìbàdí gbà á, tí wọ́n á jẹ́ kó tẹ̀, tí wọ́n á tún fà á padà. Bàbá Ràímì ní ara wọn gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wúwo tó kí iná tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ń gbé wọn ṣubú. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á yí ọwọ́ máṣìn sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì fún bíréèkì ọwọ́ pọ̀.

"Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ tọ́ kó o tó mú bíréèkì," ó ní. "Bó bá ti ń rọra lọ, ti ẹsẹ̀ ni kó o lò. Ojú ẹ kó wà níwájú. Bó bá sì ti tẹ̀ kọjá ibi tí agbára ẹ ká, fi sílẹ̀. Irin ni, a máa tún un ṣe."

Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kẹ̀yìn sí i, tí wọ́n á lóṣòó, tí wọ́n á fi itan gbé e dìde, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó wá yíjú sí èmi. "Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í ṣáájú sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó o sọ̀ ni kó o sọ̀." Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn kò ṣubú. Inú màmá mi dùn débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ sí ilé ìwé bí wọ́n bá ń lọ sí Rore. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ̀ mí sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni mo máa gbé ẹ dé." Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí wọn. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ku ọjọ́ méjì kí ọkùnrin Ìlọrin náà dé. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó ti ń múra ẹnu. Máṣìn ti ń rọra rìn. Mo rò ó pé bí mo bá ti wà nílẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, á dà bíi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá. Mo yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, mo di aṣọ màmá mi mú, mo sì yọ́ sọ̀ sí apá òsì.

Máṣìn tẹ̀ sí apá òsì náà. Màmá mi na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ì bá ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí Bàbá Ràímì ṣe kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn ti lọ sẹ́yìn, ó ń wá mi. Máṣìn wó lé ọrùn ẹsẹ̀ òsì wọn. Èmi wà lórí ìdúró, kò sí eruku kankan lára mi.

Gbogbo àwọn ọmọbìnrin náà ní, "Gbìì." Nígbà tí wọ́n rí i pé màmá mi kò dìde, wọ́n sún sẹ́yìn.

Ọ̀gá ilé ìwé wa sáré jáde, ó gbé máṣìn kúrò lára wọn, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Bíréèkì ọwọ́ ni mo mú," ni màmá mi wí. "Ẹ̀bi mi ni." Wọn kò wo apá ibi tí mo wà. Mo wọ kíláàsì lọ, a ṣe ìṣirò.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ inú omi gbígbóná oníyọ̀. Ó wú, ó sì ti dúdú létí. Aláboyún kan dé ní ìrọ̀lẹ́, orí àpótí ni wọ́n jókòó sí gbẹ̀bí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Mo gbé omi wá, mo gbé omi dànù.

Bàbá Ràímì wá wò wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ló sì wà fún bíréèkì, nítorí náà wọ́n ní láti lo ti ọwọ́, ní jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ máṣìn tọ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè dán an wò kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.

Ọkùnrin Ìlọrin dé ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n gùn ún dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n sì dúró síwájú òun. Màmá mi ti ń bọ́ sórí rẹ̀ nígbà tó tún ní, "Ẹ gbé ènìyàn sẹ́yìn. Ẹ ó máa gbé ènìyàn."

Màmá mi wò yíká. Wọ́n ní, "Dúpẹ́, wá."

Mo gùn ún. Wọ́n sọ fún mi láìyíjú pé, "Jókòó títí mo fi máa ní kó o sọ̀." Mo di ìbàdí wọn mú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ jíà, mo máa ń gbọ́ èémí wọn. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ti ń yí padà, máṣìn rọra lọ débi pé mo lè ka òkúta ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Gbogbo ara mi ló ní kí n sọ̀. Mo jókòó. Màmá mi gbójú sókè sí ilé ìgbẹ̀bí lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n fún máṣìn lépo díẹ̀, ó sì gbéra padà.

A dé iwájú ọkùnrin náà, wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kanlẹ̀, máṣìn dúró. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó béèrè iye aláboyún tó wà ní Rore, màmá mi sọ fún un, ó kí wọn, ó dágbére. Mo ṣì wà lórí ìjókòó. Ìgbà tó kúrò níbẹ̀ tán ni wọ́n ní, "Sọ̀ kalẹ̀."

Máṣìn náà wà lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, nínú ẹrẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ní Rore tí wọn kò ti gbẹ̀bí.

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kí n tó jẹ́wọ́ fún wọn. A jókòó sẹ́yìnkùlé, à ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ tí máṣìn wó lé yín lẹ́sẹ̀, èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yìn máṣìn fúyẹ́ kó tó wó."

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi bá mi wí. Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. Wọ́n ní, "O ṣáà padà gùn ún ní Ọjọ́bọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn gbà pé àṣírí òun kò tú, ó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣọ́ ohun tí kò pamọ́. Ní báyìí, ọjọ́ orí mi ti ju ìlọ́po méjì ti màmá mi lọ́jọ́ náà lọ. Mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ara mi. Ká ní èmi ni mo wà lábẹ́ máṣìn yẹn, ǹ bá ti dárúkọ ọmọ náà kí wọ́n tó gbé mi dìde.