Ta Ló Ń Sún Èèkàn?

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo Èkó di ilé kíkọ́, kò sí ohun tí ará Ìsọlọ̀ bẹ̀rù tó èèkàn. Bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ bá èèkàn nínú àgbàlá yín, ilẹ̀ ti fẹ́ di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn kan ṣe ń kàn án mọ́lẹ̀ ni àwọn kan ń hú u. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ èèkàn kíkàn, mo ti rí oríṣiríṣi: èyí tí wọ́n fi dáná, èyí tí wọ́n sún wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bàbá mi, tó ṣe tíṣà ní Èkìtì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló máa ń wí fún mi pé páńsá kò fura, páńsá jáná; àjà kò fura, àjà jìn. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rán mi lọ sí dáàmù kékeré kan láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ilé iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ ló fi erùpẹ̀ dí odò ibẹ̀ kí wọ́n lè máa rí omi lò. Àwọn ará àdúgbò kì í pè é ní dáàmù, dààmú ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni onílé kan kọ́ yàrá mẹ́wàá sí, àwọn ayálégbé láti ìhà Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun sì ti kún ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ bóyá ògiri erùpẹ̀ yẹn á dúró. Bí ó bá já, orí àwọn ayálégbé yẹn ni omi á kọ́kọ́ dé.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò le. Mo kan èèkàn méje sórí ògiri náà láti etí kan dé ìkejì, mo ta okùn tín-ín-rín láti orí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, gbogbo wọn sì fara kan okùn. Bí erùpẹ̀ bá ń rìn, èèkàn á bá a rìn, á yà kúrò lára okùn.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, mo wọkọ̀ ní Bọ́ládé, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo ta okùn. Èèkàn mẹ́ta tó wà láàárín ti yà sí ìhà ilé àwọn ayálégbé, tó ìwọ̀n ìka méjì. Ẹlòmíràn ìbá bẹ̀rù. Inú ló bí mi ní tèmi. Mo ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀, wọ́n wá ń sún èèkàn mi. Mo hú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún wọn kàn sójú ìlà, mo sì kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé dáàmù dára, àwọn ará àdúgbò ló ń fọwọ́ kan nǹkan ìjọba. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ti yà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rí ẹni tí mo ń wá. Okùn ìsáṣọ kan wà lára èèkàn àárín, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ara igi ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìnkùlé, aṣọ ọmọdé sì wà lórí rẹ̀. Obìnrin tó ni aṣọ jókòó, ó ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó jù mí lọ díẹ̀, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Mi ò tilẹ̀ kí i dáadáa. Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ, mo ní òun ló ń sún èèkàn, mo sì dárúkọ ọlọ́pàá.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí n má bínú, kò yẹ kí òun so okùn mọ́ nǹkan ìjọba, ṣùgbọ́n òun kò sún èèkàn kankan. Ó mú mi lọ sídìí ìbẹ́pẹ, ó fi kókó méjì hàn mí lára okùn.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Nígbà tí mo so ó, ó le dáadáa. Ó dẹ̀, mo tún un so. Ó tún dẹ̀, aṣọ ń wọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń sún èèkàn, ṣé ọ̀dọ̀ ara mi ni màá máa sún un sí, kí okùn mi lè máa dẹ̀?"

Mo gòkè padà, mo kúnlẹ̀ nídìí èèkàn náà. Koríko tuntun ti hù yí i ká, ẹyọ kan kò já, ilẹ̀ kò sì tú. Níwájú díẹ̀, níhà omi, mo fọwọ́ ya koríko, mo rí ibi tí ilẹ̀ ti là, ó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó sún nǹkan kan. Ògiri ló ń bọ̀ wá sísàlẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì fi òòlù pa ẹ̀rí àkọ́kọ́ rẹ́.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí gbogbo ilé kó jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin tó wà nílé jáde síta, wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ọgbọ́n tuntun nìyẹn: èèkàn kò rí wọn lé, omi ló wá fẹ́ lé wọn. Bó bá ṣe èmi ni, èmi náà á fura. Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń le sí i. Mo wá kọjú sí obìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ sún un. Èmi ni mo fẹ̀sùn èké kàn yín. Mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ògiri yìí dára."

Ó wò mí títí. "Láti ìgbà wo?"

Mo ní láti oṣù tó kọjá.

"Èmi àtọmọ mẹ́ta ń sùn síbí, èèkàn lẹ ń ṣọ́."

Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bàbá àgbà kan níbẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ kì í jẹ́wọ́ báyẹn, ni àwọn yòókù náà bá ń kó.

Mo sáré lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi, ilé iṣẹ́ aṣọ náà sì tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí omi tó tán, àárín ògiri náà wó, ẹrẹ̀ kún yàrá méjì, kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀gá mi yìn mí lójú gbogbo ọ́fíìsì pé ojú mi mú. Ìtìjú ni mo fi gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kó jáde, mo na ọwọ́ sí àpótí tí obìnrin náà gbé rù, kí n lè bá a gbé e dé títì. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú, ó sì ń bojú wẹ̀yìn wò mí títí wọ́n fi dé títì, bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.