Fáànù Ọjọ́ Kan: Ikú Sẹ̀kínát, Tó Ń Di Agolo fún Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Sẹ̀kínát Olóyèdé kú ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Fàtáì ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Humaira, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ka Yásínì sí i létí, ó ń kà á, ó ń sunkún. Ní Ọjọ́rú, a sin ín.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà sọ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tuntun sínú òkun. Mo wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ta àsíá, wọ́n fun fèrè, mínísítà wọn sì ní ọmọ ogun ojú omi àwọn ti di ti òde òní: ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́ta, ọkọ̀ ogun orí omi mẹ́fà, kí ọdún mẹ́rin tó pé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kan ọkọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà. Mo dá fídíò náà dúró níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wo? Ṣé obìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú ilẹ̀ lánàá-ìjẹta wà lára wọn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó gun orí pèpéle yẹn tó máa sọ ọ́ fún yín.

Odindi ọdún mẹ́rìndínlógún ni Sẹ̀kínát fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìbàdàn, kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó kó wá sí Kettering níbí, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Sátífíkéètì rẹ̀ ò wúlò fún ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ́jẹ́ńsì kan tó ń báni wáṣẹ́ ló mú un lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville, níbi tí wọ́n ti ń di pọ́dà funfun kan sínú agolo fún ọkọ̀ abẹ́ omi. Nígbà tó rí orúkọ pọ́dà náà lára àpò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alimat, ohun tí mo ń kọ sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ ni mo wá ń fi ọwọ́ kó báyìí."

Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń wẹ àwọn obìnrin tó bá kú ní mọ́ṣáláṣí wa. Tó bá fẹ́ da omi sí òkú lára, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ omi náà wò, kó má baà tutù jù. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé, ṣé òkú máa gbọ̀n ni? Ó ní, "Kò lè sọ fún mi pé ó tutù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọwọ́ yẹn náà ló gbé lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi ò ní fèrèsé. Àádọ́ta ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí wọ́n máa mí sínú, kí wọ́n máa mí síta. Èyí tí wọ́n mí síta ló máa pa wọ́n bí kò bá sí ohun tó ń gbà á mọ́ra. Pọ́dà inú agolo yẹn ló ń gbà á mọ́ra. Nítorí náà, agolo tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá pé kì í kọjá lórí tábìlì Sẹ̀kínát. Súpáfáísọ̀ á ní kó yára, òun náà á ní, "Ọmọ abiyamọ kan ló máa fa èémí yìí, sà."

Ṣùgbọ́n pọ́dà tó ń gba ẹ̀mí là lábẹ́ omi, ìjàǹbá ni fún ẹni tó bá ń fà á símú lórí ilẹ̀. Á jó onítọ̀hún lọ́nà ọ̀fun, á jó o dé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ kò ju méjì lọ: ẹ̀rọ ńlá kan lára òrùlé tó ń fa eruku síta, àti ìbòmú oníróbà tó lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Oṣù yẹn gan-an ni iṣẹ́ di ìlọ́po méjì, torí pé ọkọ̀ tuntun ti fẹ́ wọ omi. Wọ́n ní ìbòmú oníróbà ti tán. Ti pépà ni wọ́n ń pín, irú èyí tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà.

Sẹ̀kínát lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní àwọn ti ránṣẹ́ ra páàtì tí wọ́n máa fi tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó padà lọ ní oṣù kọkànlá. Páàtì ń bọ̀. Ní oṣù kejìlá, ó kọ lẹ́tà, Felicia, ọmọ Gánà tí wọ́n jọ ń dúró nídìí tábìlì kan náà, sì bá a buwọ́ lù ú. Páàtì ṣì wà lọ́nà. Ọ̀nà wo nìyẹn, tí wọ́n fi kan odindi ọkọ̀ abẹ́ omi tán kí páàtì ẹ̀rọ òrùlé tó dé?

Mo ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Inú mọ́tò rẹ̀ la jókòó sí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ti ń wúkọ́ nígbà yẹn. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò mi ò ní mọ nǹkan tó ń kó. Felicia gan-an, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó gbé ọmọ rẹ̀." Inú bí mi. Mo ní ojú àánú ló máa pa á. Mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, torí kì í ṣe ojú àánú ló pa á.

Ní oṣù kìn-ín-ní, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè náà wá wo ibi tí wọ́n ti ń di agolo wọn. Felicia ló ròyìn ọjọ́ náà fún mi, mo sì ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá mi lójú. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n fọ ilẹ̀. Wọ́n gbé fáànù ńlá mẹ́rin wọlé, tí àmì àwọn tó ń yáni ní irinṣẹ́ ṣì wà lára wọn. Wọ́n pín ìbòmú oníróbà tuntun fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ìbòmú tí wọ́n ní ó ti tán, ibo ló ti jáde?

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, Kọmándà Rayyan, rí híjáàbù Sẹ̀kínát, ó kí i ní sálámà, ó sì dúró nídìí tábìlì rẹ̀. Ó bi í pé, "Màmá, ó ti tó ìgbà wo tí fáànù yìí ti wà níbí?"

Sẹ̀kínát wo súpáfáísọ̀. Ó wo Felicia. Ó ní, "Láti àárọ̀ yìí ni, sà."

Kọmándà yọ ìwé kékeré kan lápò, ó kọ nǹkan sí i, ó sì bá àwọn yòókù lọ. Kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n jáde tí ẹnì kan fi gbé páálí yípo, tó ń gba ìbòmú náà padà lójú àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, fáànù ti lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹ́jẹ́ńsì ti pe Sẹ̀kínát pé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni Sẹ̀kínát sọ fún Kọmándà.

Ní oṣù kejì, ìyá àgbàlagbà kan kú ní Fairwood, wọ́n sì pe èmi àti Sẹ̀kínát. A ò tíì wẹ̀ ẹ́ dé ìdajì tó fi gbé abọ́ sílẹ̀, tó fi ọwọ́ ti ògiri. Ó ní, "Alimat, bá mi parí ẹ̀. Èémí mi ò dé ìsàlẹ̀ mọ́." Mo parí ẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ń bẹ òkú náà pé kó má bínú.

Dókítà bi í léèrè ohun tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó gba bírò, ó kọ orúkọ pọ́dà náà fún un, bí tíṣà ṣe ń kọ ọ́. Dókítà wá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé báwo ni eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ wọn ṣe pọ̀ tó, kí ló sì tún wà nínú rẹ̀? Wọ́n dáhùn pé àṣírí ológun ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni. Àṣírí. Ohun tí Sẹ̀kínát ń gbé wálé nínú aṣọ lójoojúmọ́, tí Humaira ń gbọ̀n dànù lára híjáàbù rẹ̀ ní bákónì, òun ni wọ́n ní dókítà ò gbọdọ̀ mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fàtáì pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sí nínú òṣìṣẹ́ àwọn, kó lọ bi ẹ́jẹ́ńsì. Ẹ́jẹ́ńsì ní ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó kú. Fàtáì wọ rélùwéè lọ sí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ náà. Wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní tíì, akọ̀wé kan sì sọ fún un pé, "Àwa kàn ra agolo ni, sà. Bí wọ́n ṣe ń dì í, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè yín nìyẹn." Fàtáì kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó gbé ife tíì náà sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi ò fìgbà kan sọ pé ọmọ ilẹ̀ mìíràn ló wà nínú ọkọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Kọmándà Rayyan kọ ímeèlì sí Humaira. Ó ti rí ìkéde ìsìnkú lójú ewé mọ́ṣáláṣí wa, ó sì dá àwòrán Sẹ̀kínát mọ̀. Ó fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ nínú ìròyìn tó kọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Ó wà níbẹ̀ kedere pé nítorí àbẹ̀wò àwọn ni wọ́n ṣe gbé fáànù wọlé, pé kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó gba agolo mìíràn, pé ẹ̀dà ìròyìn náà ti lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Beltsville. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Wọ́n dá mi lóhùn pé ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wọ omi ò ṣeé yẹ̀. Mo gbà. Kò yẹ kí n gbà. Ẹ dárí jì mí."

Pálọ̀ wọn ní Kettering ni Humaira ti ka lẹ́tà náà sí wa létí. Ibí ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bá mi sọ. Nígbà tó kà á tán, Yorùbá ló fi sọ ọ́: "Àǹtí, wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀." Bàbá rẹ̀ dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá, kò sì tètè jáde. Èmi fẹ́ kórìíra Kọmándà yẹn. Mi ò tíì rí i ṣe. Òun nìkan ló béèrè, òun nìkan náà ló kọ̀wé.

Mi ò bá orílẹ̀-èdè kankan jà torí pé ó ra ọkọ̀ ogun. Ẹni tí àwọn alágbára ń lé àwọn apẹja rẹ̀ kúrò lójú omi ara rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ òkun rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló sọ pé ẹ̀dọ̀fóró Sẹ̀kínát wà lára ohun èlò tí wọ́n fi kan ọkọ̀ náà? Irú ìlọsíwájú wo ni èyí tó lè ka iye èémí ọmọ ogun lábẹ́ omi, tí kò lè ka iye eruku tó ń wọ imú obìnrin kan ní Beltsville?

Felicia pè mí ní ọjọ́ Àìkú. Páàtì ò tíì dé. Àwọn méjìdínlógún ló ṣì ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìbòmú pépà. Ọkọ̀ abẹ́ omi kejì máa wọ omi ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì ti ní kí wọ́n yára. Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Sẹ̀kínát ò fi tiẹ̀ pamọ́."

Nítorí náà, orúkọ ni mo ń béèrè. Orúkọ ẹni tó yá fáànù fún ọjọ́ kan. Orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n gba ìbòmú padà. Orúkọ ọ̀gá tó ka ìròyìn Kọmándà ní òkè òkun tó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀, àti ti ẹni tó gba ẹ̀dà rẹ̀ níbí. Ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò fún ní agbègbè wa, Prince George's, àti ẹ̀yin tí òfin fi ààbò òṣìṣẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn afẹ́fẹ́ dání, kí ẹ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí yẹn ní ọjọ́ Ajé. Ẹ má pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Aago méje ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ dé ibẹ̀ kí Felicia tó wọlé.