Ẹkùn Ìdìbò Tí A Pa Kí Òkun Tó Dé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jà Ìkòtún, obìnrin kan na ọ̀bọ̀kún yíyan kan sí mi tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó ní ẹgbẹ̀rún méje náírà. Mo gbé e sí imú, mo dá a padà sórí àtẹ. Ìwọ náà á rántí pé nígbà tí a wà ní yunifásítì, náírà kan a máa ra èyí tí ìrù rẹ̀ ń yọ lẹ́nu apẹ̀rẹ̀, ẹni tó tà á á sì tún fi edé ṣe ènì. Owó tí mo fi wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó nígbà náà, kò lè gbé mi láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá lónìí. Obìnrin náà rò pé owó ló lé mi sẹ́yìn. "Ẹ ná an jàre, Bàbá, a kì í bá ẹja jà." Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn èéfín àti iyọ̀ yẹn gan-an ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà nímú mi, n kò sì tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ rí.

Ìgbà tí àwọn sójà ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. A wà nínú ìsinmi gígùn, wọ́n sì ń wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ orúkọ olùdìbò. Àwa mẹ́ta ni wọ́n kó lọ sí etíkun: èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí n kò rí omi tó ju odò tí a ti ń fọṣọ lọ rí, ọ̀rẹ́ mi kan láti Èkìtì, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àti ọmọ Ìbàdàn kan tí kì í lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa gba orí ọ̀sà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Èébì ni mo fi gbogbo ọ̀nà bì. Ọlọ́kọ̀ wa, ọkùnrin àgbà kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹja ọ̀sà ti yó lónìí."

Ilẹ̀ tóóró kan ni ibi tí a dé, ọ̀sà lẹ́yìn rẹ̀, òkun níwájú. Abúlé mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì para pọ̀ jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan láti ayé òyìnbó. Ẹkùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará òdìkejì ọ̀sà fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé akàn ló pọ̀ jù nínú olùdìbò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ní aṣojú tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní ilé ìwòsàn onípákó kan, agbẹ̀bí ìjọba a sì máa wọ ọkọ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí a tó gbéra, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ti kìlọ̀ pé bí orúkọ kò bá pé iye tí òfin là sílẹ̀, wọn yóò pa ẹkùn náà rẹ́, wọn yóò dà á pọ̀ mọ́ ti òdìkejì ọ̀sà. Baálẹ̀ wọn náà ti gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tí kò ní aṣojú, agbẹ̀bí kì í wá bá a. Èèyàn wa pé. Ẹ ṣáà kọ wá."

Àkókò ẹja ni a bọ́ sí. Gbogbo ọkùnrin tó lágbára ti lọ sí àgọ́ ìpẹja lórí òkun lọ́nà jíjìn, wọn kò sì ní padà títí oṣù méjì. Àyè wà fún ẹni tó wà nílé láti forúkọ ará ilé rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà n kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Mo gbé tábìlì ilé ìwé sábẹ́ igi àgbọn, mo pe ẹni àkọ́kọ́, ìyàwó kékeré kan tí oyún rẹ̀ ti ga.

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Ó wà."

"Mo mọ̀ pé ó wà. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, tó ń yan ọ̀bọ̀kún nídìí ààrò. Ìyá náà kò gbójú sókè. "Akọ̀wé, ẹni tó wà lórí omi, a kì í pe orúkọ rẹ̀ nílé títí yóò fi gúnlẹ̀. Òkun ń gbọ́."

Ọmọ Ìbàdàn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, àbí òkun náà fẹ́ dìbò ni?" Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Èmi dìde ní tèmi, mo sọ fún wọn pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ wa lajú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Àwọn obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ dúró nínú oòrùn, wọ́n ń gbọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó, orúkọ kò tó ìdajì. Baálẹ̀ kó àwọn obìnrin jọ sílé rẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, wọ́n tò síwájú tábìlì mi, ìyá àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ìkarahun lẹ́kúnwọ́, obìnrin kọ̀ọ̀kan sì ń pe orúkọ láìkọsẹ̀. Mo kọ títí ọwọ́ fi ro mí. Orúkọ pé, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Baálẹ̀ pa àgbọn fún wa mu. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ ló wọ̀ wọ́n létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí a ti ń dúró de ọkọ̀, mo rìn lọ sí etí òkun. Òkun ti gbé òpópónà méjì lọ níbẹ̀, ó ti dé itẹ́ òkú wọn, àwọn sàréè símẹ́ńtì sì ti dẹ̀gbẹ́ sínú iyanrìn. Mo ka orúkọ tó wà lórí ọ̀kan. Mo mọ orúkọ náà. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ lánàá. Mo ka òmíràn, mo mọ òun náà. Mo sáré lọ mú ìwé mi, mo ń ti sàréè bọ́ sí sàréè, mo ń fi pẹ́ńsùlù sàmì. Kí n má purọ́ fún ọ, inú bí mi, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn, bí inú ẹni tó mú olè.

Ọmọ Èkìtì wo ìwé náà títí. "Lọ bi ìyá àgbà kí o tó kọ ohunkóhun."

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Òkú ló fẹ́ dìbò."

N kò bi í. Ojú ewé méjì ni mo kọ fún ọ̀gá wa, ní gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n fagi lé ìwé orúkọ náà látòkèdélẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ẹkùn náà rẹ́, wọ́n sì gbé ibùdó ìdìbò wọn lọ sí òdìkejì ọ̀sà. Agbẹ̀bí kò lọ mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà nígbà tí ọmọ Ìbàdàn wá bá mi ní yàrá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní àwàdà lẹ́nu. Ó ní lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn ọkùnrin ti òkun dé, Baálẹ̀ sì ní kí gbogbo wọn sọdá lọ fi ara wọn hàn, kí ìjọba lè fojú ara rẹ̀ rí i pé èèyàn wọn pé. Wọ́n kún ọkọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ dé bá wọn láàárín ọ̀sà, ọkọ̀ sì dojú dé. Àwọn tó jáde kò pọ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òkun gbé ohun tó kù nínú abúlé wọn, àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n ká. Èmi ṣiṣẹ́ ìjọba, mo kọ́lé sí Ìkòtún, mo fẹ̀yìn tì. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó. Obìnrin àgbà kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. A kí ara wa, mo bi í níbi tó ti wá.

"Egan ni mò ń gbé."

"Mo ní ìlú yín gan-an, Màmá."

"Kò sí mọ́. Etíkun ni." Ó pe orúkọ ọ̀kan nínú abúlé mẹ́ta náà.

Mo bi í nípa ìwé orúkọ tí wọ́n fagi lé, bí ẹni pé mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i, ìjọba ní àwọn fẹ́ orúkọ. A ò lè pe alààyè sí òkun létí. A wá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ òkú rẹ̀ dípò, nítorí òkun ò lè fi òkú ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹnì kan lórí omi, òkú kan. Ìyá àgbà ló ń fi ìkarahun kà á, kó má baà fi ẹyọ kan lé. A rò pé iye ni wọ́n ń wá."

N kò lè gbé e mì mọ́. "Màmá, èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi pa á rẹ́."

Ó ń yí káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo mọ̀. Àtìgbà tí ẹ ti jókòó ni mo ti mọ̀ yín. Èmi lẹ kọ́kọ́ bi ní orúkọ ọkọ. Ó wà nínú ọkọ̀ yẹn." Nọ́ọ̀sì pè é. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, jàre." Mo ṣọ́ ọ.

Mo ti gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé òfin ni mo tẹ̀lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù kí n bi ìyá kan tó ń yan ẹja, ọ̀rẹ́ mi sì ti rán mi létí. Ìwé tí mo kà ló jẹ́ kí n rò pé kò sí ohun tó kù láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé pé òkú ni wọ́n, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tí kò sí láàyè.

Ọ̀gá wa ti kú. Ọmọ Ìbàdàn kú lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì. Ìyá àgbà àti ọlọ́kọ̀ wa wà nínú ọkọ̀ tó dojú dé lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n bá a lọ. Baálẹ̀ kú sí Ìjẹ̀gùn, nínú yàrá kan lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì wà láàyè, ojú rẹ̀ ti fọ́, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Obìnrin Egan wà. Ọmọ tó wà níkùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà wà, ó ń gbé ní Baruwa. Nínú àwọn ọkùnrin tó wà lórí òkun, obìnrin náà ní ó ku méjì. Èmi náà wà.