Fìlà Bàbá Ówọ́n

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Ówọ́n níléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ọjọ́ tó bá ìjọba nájà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iléru nígbà náà, iléru gìrìwò tí wọ́n ti ń sun òkúta di sìmẹ́ńtì. Èéfín ibẹ̀ ló fa wàhálà. Òfin tuntun ní kí wọ́n gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kó tó jáde, kí wọ́n fi páìpù gbé e lọ, kí wọ́n sì gba inú kànga jíjìn kan rì í mọ́ abẹ́ àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìjọba ti gbà láti ṣèrànwọ́ lórí ẹ̀rọ àti páìpù. Ohun kan ṣoṣo ló kù: lẹ́yìn tí wọ́n bá dí kànga náà pa, ọdún mélòó ni iléeṣẹ́ yóò fi máa ṣọ́ ọ kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn?

Ìjọba ní àádọ́ta ọdún. Olùdarí iléeṣẹ́ ní ogún, pé bó bá fi lé ní ẹyọ kan, òun á ti iléru pa. Ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ló máa padà sílé nìyẹn. Wọ́n ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sẹ́ni tó yí ohùn padà. Ní ìpàdé karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ rán Bàbá Ówọ́n lọ ṣojú wọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó kàn jókòó ni o.

Bí akọ̀wé ìjọba, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣe ka "àádọ́ta" tán báyìí, ohùn kan dún nídìí fèrèsé.

"Ó wọ́n!"

"Bàbá, kí ló wọ́n?" ni akọ̀wé béèrè.

"Àádọ́ta yẹn. Ẹ gba mẹ́wàá."

Olùdarí fà á láṣọ. "Bàbá, ogún là ń bẹ̀bẹ̀ fún o!"

"Ẹ dákẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin gan-an lẹ bà á jẹ́. Ta ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ iye tó fẹ́ san?"

"Bàbá, ìjọba kì í nájà," ni akọ̀wé wí.

"Kò burú. Ọjà á tà o."

Ó dìde, ó rọra ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n pè é padà. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Olùdarí fọwọ́ méjèèjì bojú. Kò mọ ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ̀: Bàbá Ówọ́n ti fi fìlà sílẹ̀ lórí àga.

Ọgbọ́n rẹ̀ látìgbà èwe nìyẹn. Níbi tó bá ti nájà tó sì bínú jáde, á gbàgbé nǹkan síbẹ̀ kó lè rójú padà. Bó ṣe fẹ́ ìyàwó rẹ̀ náà nìyẹn. Bàbá ìyàwó ní kó dúró fún ọdún méjì, kí ọmọ òun parí iṣẹ́ aránṣọ tó ń kọ́. Ó ní oṣù mẹ́fà. Wọ́n fà á títí, ó bínú lọ, agboòrùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì ó wá mú agboòrùn, ó gbàgbé gíláàsì ojú. Ó wá mú gíláàsì, ó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Bàtà ẹsẹ̀ kan!" ni bàbá ìyàwó pariwo. "Báwo lo ṣe wá rìn délé? Oṣù mẹ́fà náà ni, mo gbà! Kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi!"

Dókítà pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, Bàbá Ówọ́n ná an di ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó yá, dókítà gbọ́n. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Àmọ́ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún bíi wákàtí kan, ẹ̀rù sì bà á. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló padà jẹ́wọ́ fún: "Ìyá, gbogbo ọmọ tó wà nílé àwọn ọkùnrin yẹn ni mò ń rò." Nígbà tí onímọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba mú wá jáde wá bu omi mu, Bàbá bi í pé bí nǹkan yìí bá máa jò, ìgbà wo ló máa ń hàn. Ọkùnrin náà dá a lóhùn, Bàbá Ówọ́n sì kanlẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, fìlà mi ni mo wá mú." Kò sì mú un. "Ìyáàfin, onímọ̀ ilẹ̀ yín ní bó bá máa jò, a ó ti mọ̀ kí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Kí la wá ń ṣọ́ fún ọdún márùndínlógójì tó kù?"

Akọ̀wé wo onímọ̀ ilẹ̀, onímọ̀ ilẹ̀ mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé fa igi lé àádọ́ta inú ìwé rẹ̀.

"Ọdún méjìdínlógún," ló wí. "Kí mítà sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ká máa kà á."

"A gbà. Èènì ńkọ́?"

"Èènì wo?"

"Àwọn tó máa ka mítà, láàárín wa ni kẹ́ ẹ ti mú wọn."

Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ mọ́ ìwé. Olùdarí tó rí gbà ju ohun tó tọrọ lọ dì mọ́ Bàbá Ówọ́n, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé ẹnubodè iléeṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n mí kanlẹ̀, àwọn kan sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Iléru yẹn ṣì ń jó dòní.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gbé Bàbá Ówọ́n dè. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ sáré mú fìlà wá. Bàbá ní, "Fi sílẹ̀ lórí àga yẹn." Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ìyá yẹn nu omijé nù. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkọ rẹ̀ padà wá dé fìlà rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá gbé e. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti ní kí wọ́n gbé òun lọ síbi kànga, wọ́n ka mítà sí i létí, kò sí ohun tó jò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó béèrè fìlà fúnra rẹ̀, ó dé e gún régé, ó wo dígí.

"Ẹ ò ní fi sílẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Rárá, Ìyá. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin láyé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò wọ́n."

Ìyá máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́, á sì máa nu ojú. "Lẹ́yìn tó lọ, mo wá gbogbo ilé, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bóyá ó gbàgbé nǹkan kan. Kò gbàgbé nǹkan kan, àfi èmi. Mo mọ̀ pé á padà wá mú mi. Kó má ṣáà kánjú ni."