Ọdún Tí Ìyá Mi Kò Gbóòórùn Mọ́

Tẹ̀dé ni wọ́n bí mi sí, irú sì ni ìyá mi ń ṣe. Àwọn èèyàn máa ń ti Okaka àti Komu wá rà á. Bó bá ti se igbá, èso tí wọ́n fi ń ṣe irú, tó sì bò ó mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n, kì í wo aago, kì í ka ọjọ́. Láràárọ̀ ni yóò ṣí ewé orí rẹ̀, yóò tẹ imú sí i, yóò ní, "Ó ku ọ̀la." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Láàbù yunifásítì kan ní Ìbàdàn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, imú èèyàn la sì ń ṣe ìwádìí lé lórí. Àkọsílẹ̀ tíntìntín kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ló jẹ́ ti òórùn. Àwọn ló ń jẹ́ kí imú mọ òórùn kan yàtọ̀ sí òmíràn. Òkè òkun ni ẹ̀dà wọn ti máa ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike tí kò gùn tó ìka. A óò fi í sínú bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, bí bakitéríà bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ẹ̀dà jíìnì náà á máa pọ̀ sí i. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn.

Nígbà tí mo bímọ, mo gbé ọmọ náà lọ sílé kí ìyá mi lè rí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí òórùn kan fi kọ lù mí. Irú ni, àmọ́ ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ìyá mi jókòó nínú ilé ìdáná, ó ń bù ú sínú ewé, ó ń dì í fún títà.

"Màámi, ẹ ò gbóòórùn ni?"

Ó wò mí, ó sì wo ìta. Ó ní, "Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ibà àti ọ̀fìnkìn tó ṣe é nígbà òjò ni kò jẹ́ kí imú rẹ̀ gbóòórùn mọ́. "Oṣù mẹ́jọ rèé. Mo rò pé á padà." Obìnrin kan láti Okaka ti dá irú padà fún un lójú gbogbo èèyàn, ìyá mi sì parọ́ pé òjò ló bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí n má pè é nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, tí màá máa ròyìn iṣẹ́ imú tí à ń ṣe fún un. N kò bi í ní ohunkóhun ju "Ṣé dáadáa lẹ wà?" lọ.

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó tẹ imú sí àtàrí rẹ̀, ó fà á símú, ó tún fà á.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n bá di mí lójú, mo mọ òórùn orí yín. Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ojú rẹ̀ gbẹ. Èmi ni mo sunkún.

Nígbà tó yá, ó ní, "Èyí tí ẹ ń mú kó pọ̀ sí i nínú ike yẹn, ẹ ò lè kán an sí mi nímú?"

"Kì í ṣe oògùn, Màámi. Ìwádìí la fi ń ṣe. Jíìnì tiyín ò sì bàjẹ́, ó wà lára yín. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú imú ni àìsàn yẹn bà jẹ́."

"Ó wà lára mi, àmọ́ kò wúlò fún mi."



Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ṣakí. Ó ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Kó máa fa òórùn èèpo ọsàn àti kọ̀nọ̀fùrù símú lójoojúmọ́, kí imú lè tún kọ́ òórùn. Ó ń ṣe é. Bí mo bá pè, á ní, "Kò tíì sí." Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé òun ti kó agbọ̀n àti ìkòkò irú fún àbúrò òun ní Komu.  Ó bi mí bóyá ọmọ ti hu eyín.

Nígbà ọyẹ́, ó gbé ẹ̀wà kaná lọ́sàn-án, ó lọ rọra sùn. Ẹ̀wà gbẹ, ó jóná, èéfín kún ilé. Àwọn aládùúgbò ló rí èéfín lójú fèrèsé tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n bá a lórí ẹní, ó ń wúkọ́. Ikọ́ yẹn kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Wọ́n ní èéfín yẹn rùn débi pé wọ́n gbóòórùn rẹ̀ lójúde kẹta. Èmi tí mo wà nínú rẹ̀, mo ń sùn."

Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀ tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá mi ní láàbù pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun lè fún mi ní iṣẹ́ mìíràn, èyí tí kò kan imú. Mo dúpẹ́, mo ní rárá. Ó béèrè ìdí, mo dìde. Mo lọ wọ aṣọ funfun mi, mo sì lọ wo àwọn bakitéríà tí ẹlòmíràn ti ń bá mi tọ́jú. Wọ́n ti pọ̀ gan-an, jíìnì òórùn sì ti pọ̀ nínú wọn.